Kò Sí Ọmọ Onílẹ̀ ní Àbújá: Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì tó fẹ́ ra ilé ní Lugbe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé ilé rẹ́ǹtì ní Kubwa. A ti wá rí ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Lugbe tí agbára wa ká. Olóyè abúlé ibẹ̀ àti ẹbí tó ni ilẹ̀ ti buwọ́ lùwé fún ẹni tó ń tà á, ìwé káńsù AMAC náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ìwé ò níṣòro. Ohun tó ń dùn wá ni pé ejẹ́ńtì ní ká san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́yà ẹni tó ń tà á náà ní ìdá mẹ́wàá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á? Ejẹ́ńtì ní ẹlòmíràn ti gbówó dání, ká yára. Ọkọ mi sì ní orúkọ òun nìkan ni yóò wà lórí ìwé. Ìyá Ìbejì, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí n tètè dá ọ̀rọ̀ owó ejẹ́ńtì lóhùn, torí òun ló kéré jù nínú ohun tí ẹ kọ. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀ níbi títa ilé ní Àbújá. Ìdá mẹ́wàá tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ti ilé rẹ́ǹtì ni. Ẹ lè ná an. Ní ti lọ́yà, kí ni tiyín nínú owó lọ́yà ẹni tó ń tà á? Kí oníkálukú sanwó fún lọ́yà tirẹ̀. Ẹ lọ wá lọ́yà tiyín, ẹni tí kò bá ejẹ́ńtì yẹn ṣiṣẹ́ pọ̀ rí.

Gbólóhùn tí ẹ fi ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ rékọjá ló gbà mí lóorun: "ìwé ò níṣòro." Ìyá Ìbejì, ìwé gan-an ni ìṣòro. Gbogbo ìgbà ni àwọn èèyàn wa ń bi mí ní ìbéèrè yìí, bákan náà ni wọ́n sì ń bi í: wọ́n á béèrè owó ejẹ́ńtì, wọ́n á béèrè bóyá kí àwọn kun ilé kí àwọn tó kó wọlé, wọ́n á sì fi ìdánilójú sọ pé olóyè ti buwọ́ lùwé.

Mo mọ ibi tó ti wá. Nílé lọ́hùn-ún, Ìbàdàn ni o, Òṣogbo ni o, Abẹ́òkúta ni o, a mọ bí wọ́n ṣe ń ra ilẹ̀. Èèyàn á wádìí ẹbí tó ni ilẹ̀, á lọ bá olórí ẹbí tàbí mọ́gàjí, àwọn ọmọ ẹbí tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ á jókòó, wọ́n á gbowó, wọ́n á buwọ́ lùwé, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ á sì wá ṣe sọ́fè. Bó bá jẹ́ pé àwọn ló ni ilẹ̀ lóòótọ́, tí olórí ẹbí sì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ mọ ohun tí ẹ rà. Àṣà yẹn la dì mọ́ ẹrù wa wá sí Àbújá. A dé Lugbe, a dé Kuje, a béèrè ọmọ onílẹ̀, wọ́n mú wa lọ sí ààfin olóyè Gbagyi, ọkàn wa balẹ̀.

Kò sí ọmọ onílẹ̀ ní Àbújá.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akinọlá Àgùdà dámọ̀ràn pé kí olú ìlú kúrò ní Èkó, ìjọba Murtala Muhammed gbé Decree 6 jáde ní oṣù kejì ọdún 1976. Wọ́n gé ilẹ̀ lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe Maitama àti Wuse nìkan. Oko tó wà ní Kwali wà níbẹ̀, Lugbe náà wà níbẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa (constitution) ti ọdún 1999 tún un sọ ní abala 297: ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT, ìyẹn agbègbè olú ìlú Àbújá. Ní ọdún 2008, nínú ẹjọ́ Madu àti Madu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, àti pé Mínísítà FCT ni wọ́n gbé agbára láti fúnni nílẹ̀ níbẹ̀ lé lọ́wọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, Land Use Act, òfin lílo ilẹ̀ ti ọdún 1978, fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ka ẹni tó ti ń lo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún, ìdí nìyẹn tí ẹbí ṣì fi lè jókòó tà ní Ìbàdàn. Ní FCT, wọ́n ti gba ilẹ̀ náà pátápátá kí Land Use Act tó dé.

Nítorí náà, olóyè kò ní ilẹ̀ tí yóò tà fún ẹnikẹ́ni. Ẹbí kò ní in. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ wọn kò rí nǹkan rà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní rí nǹkan rà. Bí ogún èèyàn bá buwọ́ lu ìwé náà, bí wọ́n tún pe oníròyìn wá ya fọ́tò rẹ̀, kò sọ ọ́ di ìwé ilẹ̀.

N kò sọ èyí láti bú àwọn Gbagyi, àwọn Koro, àwọn Gade tàbí àwọn Gwandara. Wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí Àbújá tó di Àbújá, ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú ìjọba lórí ibùgbé tuntun àti owó gbà-máà-bínú kò sì tíì tán títí di òní. Ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́. Ṣùgbọ́n irè oko, igi eléso àti ilé tí wọ́n kọ́ ni ìjọba ń sanwó lé lórí nígbà tó bá gba ibì kan. Ẹ kò lè ra ẹ̀dùn ọkàn wọn kí ó di ilé fún yín.

Irú ìwé tí ẹ wí yẹn máa ń dé orí tábìlì mi. Bébà gígùn ni, wọ́n ká a sí mẹ́rin, òǹtẹ̀ olóyè wà nísàlẹ̀, ìka àtàǹpàkò tí wọ́n tẹ̀ ní yíǹkì aláwọ̀ búlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe júwe ilẹ̀ ni pé ó bá oko lágbájá pààlà lápá ọ̀tún, ó bá odò pààlà lápá òsì. Kò ní nọ́ńbà plot, kò ní nọ́ńbà fáìlì, kò sì sí ibì kan tí Mínísítà ti sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Odò tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an tó kí ọkàn yín kó sókè, torí ilé tó bá wà ní ojú ọ̀nà omi wà lára àwọn tí katapílà kọ́kọ́ máa ń wá.

Ìwé káńsù ńkọ́? Káńsù mẹ́fà ló wà ní FCT: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pín ilẹ̀ fún èèyàn, ìwé náà sì máa ń rí bí ìwé ìjọba, torí káńsù náà ìjọba ni. Síbẹ̀ ìwé káńsù kì í ṣe C of O (ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí ẹ̀tọ́ èèyàn lórí ilẹ̀), kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ Mínísítà. Ó ti pẹ́ tí ìjọba FCT ti ní kí àwọn tó ní irú rẹ̀ kó o wá fún àyẹ̀wò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 wọ́n tún ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láti sọ ọ́ di ìwé Mínísítà, àti fún àwọn tó ra ilé nínú ẹ́síteètì tó jẹ́ pé orúkọ dẹ́fẹ́lọ́pà nìkan ló wà lórí ilẹ̀. Ìròyìn yẹn ni àwọn ejẹ́ńtì ń gbé kiri báyìí: "Ẹ rà á, ìjọba máa tó fún yín ní C of O." Irọ́ tó dà pọ̀ mọ́ òtítọ́ nìyẹn. Ẹni tó kó ìwé lọ ń bẹ̀bẹ̀ ni, wọn ò tíì fún un. Ìwé ayédèrú wà nínú wọn, plot tí wọ́n fún ẹni méjì wà, ilẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún títì tàbí ilé ẹ̀kọ́ wà. N kò tíì fojú rí ìwé tiyín, mi ò lè sọ ibi tí yóò já sí. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ má san owó ilé tó ní C of O lórí ìwé káńsù.

Àwọn kan tún ń dá mi lágara, àwọn tó ń sọ pé "a ti ṣe search, ó mọ́," ìyẹn àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ta ló ṣe é? Ejẹ́ńtì tó ń retí owó ni. Níbo ni èsì rẹ̀ wà? Fọ́tò kan lórí fóònù, tí wọ́n ya nínú ọ́fíìsì ẹnì kan tí kò ní orúkọ. Ẹ má gbà á. AGIS ni ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ FCT wà, ọdún 2003 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín ní nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà plot àti àmì àdúgbò rẹ̀ nínú máàpù ilẹ̀, bí A02 ṣe jẹ́ ti Wuse. Lọ́yà yín ni kó kọ̀wé, kó san owó tí ọ́fíìsì ń gbà, kó gba risíìtì, kó sì gba èsì tí wọ́n buwọ́ lù. Èsì yẹn ni yóò sọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, bó ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n fún un láti fi ṣe, bóyá báńkì ti gbá a mú nítorí gbèsè, bóyá kọ́ọ̀tù ti fọwọ́ dè é.

Ẹ tún wo gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún, tí wọ́n ń pè ní ground rent. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ìjọba FCT kéde pé òun ti gba ìwé ilẹ̀ 4,794 padà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún 10, ní Maitama, Asokoro, Garki, Wuse àti Guzape. Ẹ gbọ́ àdúgbò tí mo dá. C of O tòótọ́ ni wọ́n ní, kì í ṣe ìwé olóyè. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilé ní Lugbe kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Bí ìwé bá mọ́, ẹ mú sọ́fẹ́yọ̀ lọ sórí ilẹ̀ náà. Òkúta sìmẹ́ńtì kékeré máa ń wà ní igun kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, bíkọ̀n ni wọ́n ń pè é. Kí ó fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ibi tí ilé dúró sí ni ibi tí ìwé sọ. Mo ti rí ẹni tí ìwé rẹ̀ dára pátápátá, àmọ́ ilé tó rà wà lórí plot kejì. Kí ẹ tún béèrè ìwé tí Development Control, ẹ̀ka ìjọba FCT tó ń bójú tó ilé kíkọ́, fi fọwọ́ sí àwòrán ilé. Ilé tí kò ní in lè jí lọ́jọ́ kan bá àmì X pupa lára ògiri.

Àwọn kan á ní kí ẹ gba power of attorney, pé ó ti parí. Kò parí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ ní ọdún 1993 nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara: ìwé tó ń sọ yín di aṣojú ẹni tó ni nǹkan ni, kò sọ yín di oní-nǹkan. Deed of assignment, ìwé tó ń gbé ẹ̀tọ́ ẹni tó ń tà á fún yín, ni kí ẹ gbà, kí Mínísítà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí Land Use Act ṣe wí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Ó ń gba àkókò àti owó. Ẹ fi kún ìṣirò yín láti ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ka èyí, tí ilé yín wà ní Mararaba tàbí Masaka, ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà, ẹ kò sí ní FCT. NAGIS, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ yẹn, ni tiyín. Suleja àti Madalla wà ní ìpínlẹ̀ Niger. Ohun tí mo sọ nípa ọmọ onílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó sì ti rà, tó ti ń gbé inú ilé tó ní ìwé olóyè tàbí ti káńsù, kó má kó ọkàn sókè, kó má sì fi àjà kejì lé e. Kí ó kó ìwé rẹ̀ lọ bá lọ́yà, kó béèrè bóyá àdúgbò rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì, ẹlòmíràn tó gbówó dání yẹn, ẹ jẹ́ kó rà á. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti fún yín ní nọ́ńbà fáìlì, tàbí tí kò ní in, ẹ fi ilé náà sílẹ̀, bó ti wù kó wù yín tó. Ẹ má san àsansílẹ̀ fún ejẹ́ńtì. Bí ẹ bá fẹ́ san nǹkan kan rárá, ọwọ́ lọ́yà yín ni kó wà, pẹ̀lú ìwé pé ẹ ó gbà á padà bí search kò bá mọ́. Ohun tí mo kọ síbí yìí kò lè dípò lọ́yà tó fojú ara rẹ̀ rí ìwé yín o, ẹ má gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ní kí ẹ rà tàbí kí ẹ má rà.

Ní ti orúkọ: ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń kó owó náà jọ, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni kó wà níbẹ̀. Mo kí bàbá ìbejì, mo sì ń sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò bu iyì wọn kù. Kí ẹ kọ orúkọ méjèèjì bó ṣe wà lórí NIN gẹ́lẹ́, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀, torí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dá ìwé padà láti ọ́fíìsì.