“Ojú Ń Tì Mí Láti Sọ̀rọ̀ Ara Mi”: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àbúrò Kan Tó Ń Wáṣẹ́

Àbúrò mi, mo ti ka lẹ́tà ẹ, ó sì dùn mí gan-an fún ẹ. Fún àwọn tó ń ka èyí: akáúńtáǹtì ni àbúrò wa yìí, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ. Láti ìgbà yẹn wọ́n ń pè é fún ìntáfíù dáadáa o, ó tiẹ̀ máa ń dé ìpele tó kẹ́yìn, àfi kí wọ́n wá kọ ímeèlì sí i pé ẹlòmíì làwọn mú. Ó ní, “Àǹtí, ojú máa ń tì mí láti yin ara mi.” Ní báyìí ilé iṣẹ́ kan ti láwọn fẹ́ gbà á, àmọ́ owó oṣù tí wọ́n dá kéré sí ohun tó ní lọ́kàn, ẹ̀rù sì ń bà á pé tóun bá ní kí wọ́n fi kún un, wọ́n á láwọn ò ṣe mọ́. Ó wá ń bi mí bóyá kóun kàn fọwọ́ sí i.

Má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Màá débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pè ẹ́ léraléra yẹn, kò sóhun tó ṣe CV ẹ nìyẹn, inú yàrá ìntáfíù gan-an ni wàhálà wà. O kọ bó o ṣe dáhùn nígbà tí wọ́n ní kó o sọ iṣẹ́ kan tó le tó o ti ṣe rí. O ní, “A rí i pé àkọsílẹ̀ owó ò bára mu, a wá nǹkan ṣe sí i, ó sì bọ́ sípò.” Ta ni “a”? Ẹni tó jókòó níwájú ẹ ò mọ̀ ọ́n, kò sì ní bi ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló jẹ́ pé fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìntáfíù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo èèyàn, wọ́n á sì fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Lọ́dún 1998, Schmidt àti Hunter, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kó ìwádìí ọdún 85 lórí ìgbanisíṣẹ́ jọ, wọ́n sì rí i pé irú ìntáfíù tí wọ́n ti to ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀ báyìí ń fi ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa hàn ju kí wọ́n kàn máa tàkúrọ̀sọ lọ. Ó dáa, tí ẹni tó mú bírò dání bá gbọ́ “a ṣe é, ó bọ́ sípò,” kí ló fẹ́ kọ síbẹ̀? Kò lè fún ẹ ní máàkì iṣẹ́ èèyàn márùn-ún.

Èyí ni mo fẹ́ kó yé ẹ ju gbogbo ohun tí màá sọ lọ: kí èèyàn sọ ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kì í ṣe ìfọ́nnu. Wọ́n bi ẹ́ ni, o sì dá wọn lóhùn. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún, wọn ò lè lọ gbọ́ ọ níbòmíì. Mo fi àwọn ohun tó o kọ sí mi yẹn tún ìdáhùn ẹ tò, wò ó: “Oṣù mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ wa àti ti báńkì ò fi bára mu. Èmi ni wọ́n ní kí n wádìí ẹ̀. Mo yẹ ìsanwó àwọn oníbàárà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé wọ́n ń kọ risíìtì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ṣe àtẹ kan sórí kọ̀ǹpútà tó máa ń fi í hàn tí nọ́ńbà kan bá ti wọlé rí. Látìgbà yẹn kò ṣẹlẹ̀ mọ́.” Ṣé o rí ìfọ́nnu kankan níbẹ̀? Mi ò rí i. Àwọn tó ń kọ́ni nípa ìntáfíù máa ń pè é ní STAR: ohun tó wà nílẹ̀ (Situation), ohun tó já lé ẹ léjìká (Task), ohun tó o ṣe (Action), àti ibi tó já sí (Result). Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo gbogbo àkókò wọn lórí ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá gbàgbé ibi tó já sí pátápátá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Wá ìtàn márùn-ún tàbí mẹ́fà bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ, sọ wọ́n sókè, fi fóònù gba ohùn ara ẹ, kó má ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Má há a sórí o, ó máa ń hàn.

Ti ọ̀gá ẹ àtijọ́, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Mo gbà pé ó fìyà jẹ ẹ́. Àmọ́ wọn ò mọ̀ ọ́n, ìwọ nìkan ni wọ́n ń wò. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí ló dé tó o fi kúrò, “Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ẹ̀ka tèmi wà lára ẹ̀,” kó o dákẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. O ní ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ríra ni wọ́n ti bi ẹ́ ní iye tó ò ń gbà tẹ́lẹ̀, o sì sọ ọ́, iye yẹn ni wọ́n wá fi díẹ̀ lé. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Lọ́dún 1974, Tversky àti Kahneman, táwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ̀wé nípa ìdánwò kan: wọ́n yí àgbá kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára níwájú àwọn èèyàn, wọ́n wá ní kí wọ́n sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ló jẹ́ ti Áfíríkà. Àwọn tí àgbá dúró sórí 10 fún, àárín ohun tí wọ́n sọ jẹ́ 25, àwọn tó rí 65 sọ 45. Àgbá yẹn ò kan ìbéèrè náà níbì kankan! Nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá máa ń fa èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ra ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù (EU) tiẹ̀ ṣe òfin lọ́dún 2023 pé kí agbanisíṣẹ́ má béèrè owó oṣù àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ìwọ náà bi wọ́n léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún ipò yìí?”

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ńkọ́? Lọ wo iye tí wọ́n ń kọ sí ìpolówó irú iṣẹ́ yẹn, bi àwọn tó ń ṣe é, mú nọ́ńbà kan tó o lè gbèjà, kó o wá kọ̀wé sí wọn: “Ẹ ṣeun gan-an, inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí. Pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń san fún irú ipò yìí àti ìrírí mi, mo rò pé iye báyìí ló yẹ. Ṣé ẹ lè gbé e débẹ̀?” Ó tán. Má bẹ̀bẹ̀, má ka gbèsè ẹ fún wọn, má sì parọ́ pé ibòmíì ti gbà ẹ́. Mi ò lè sọ pé kò sẹ́ni tí wọ́n gbaṣẹ́ padà lọ́wọ́ ẹ̀ rí torí pé ó béèrè, àmọ́ tó o bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò wọ́pọ̀ rárá, torí àwọn náà ti náwó nára kí wọ́n tó yàn ẹ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi díẹ̀ kún un, tàbí kí wọ́n ní ibi tí agbára àwọn mọ nìyẹn. Tí wọ́n bá ní ó ti parí, béèrè nǹkan míì: ọjọ́ ìsinmi, ṣíṣe iṣẹ́ látilé, owó ìdánwò iṣẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n tún owó ẹ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kó wà nínú ìwé o. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń kúrò nílé iṣẹ́ pẹ̀lú máníjà tó sọ ọ́.

Kó o tó kọ̀wé yẹn, mọ iye tó ò ní gbà kéré sí i. Tó bá sì jẹ́ pé owó ọwọ́ ẹ ti tán pátá, tí wọ́n sì kọ̀, gba iṣẹ́ náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àmọ́ béèrè ná.

Ìntáfíù míì tó o ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, má fagi lé e. Lọ ṣe é, títí dìgbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ fi máa délẹ̀, tó o ti kà á tán, tó o sì ti rí ohun tẹ́ ẹ jọ sọ nínú ẹ̀.