Fídíò ń lọ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà ń falẹ̀: ṣé kí n pa á ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ubuntu ló wà lórí laptop mi. Láti àárọ̀ ni ffmpeg ti ń fún fídíò ìgbéyàwó kan pọ̀ kó lè kéré, ó sì ti bá a débi tó jìnnà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí Firefox báyìí, ńṣe ni gbogbo nǹkan ń falẹ̀. Mi ò fẹ́ pa á kí n tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má pa á. Ẹ kàn ní kó máa yàgò fún àwọn yòókù.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ free -h sínú terminal, ojú ibi tí à ń kọ àṣẹ sí. Bí RAM bá ti kún, tí swap (àyè orí dísíkì tí kọ̀ǹpútà ń yá lò bí RAM bá kún) náà ti ń kún, kì í ṣe CPU, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣírò, ló ń dà yín láàmú, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò sì ní ràn yín lọ́wọ́. Bí àyè bá ṣì wà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux ló ní nọ́ńbà kan tí à ń pè ní nice, láti -20 títí dé 19. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, 0 ni ètò máa ń gbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń tóbi tó ni ètò náà ń rẹlẹ̀ tó. -20 ni ọ̀gá, 19 ni ọmọ ẹ̀yìn.

Ẹ tẹ pgrep ffmpeg. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ètò náà ló máa jáde; ká ní 4821 ni. Àwọn kan á ní kí ẹ tẹ renice -n 10 -p 4821 láti yí nice rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò tó. ffmpeg máa ń pín iṣẹ́ fún thread púpọ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, -p ò sì ní kan ju thread àkọ́kọ́ lọ. -g ni kí ẹ lò, nọ́ńbà agbo (process group) ló ń gbà, òun ló sì ń kó gbogbo wọn pọ̀:

renice -n 10 -g 4821

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ ffmpeg ní terminal, nọ́ńbà agbo náà sábà máa ń bá ti ètò mu. Ẹ fi ps -o pgid= -p 4821 yẹ̀ ẹ́ wò; bó bá yàtọ̀, èyí tó jáde ni kí ẹ fi tẹ̀lé -g.

Bí ètò tó wà ní 0 àti èyí tó wà ní 10 bá ń du core kan náà (ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka CPU), ti 10 á rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì bá a dù ú, òun nìkan ló máa jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ dìde lọ jẹun, á máa sáré bó ṣe ń sá tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀, ẹ tẹ cat /proc/sys/kernel/sched_autogroup_enabled. Tó bá dáhùn 1, kernel, ọkàn Linux, lè ti ya terminal yín sọ́tọ̀ sí agbo mìíràn (autogroup) kúrò lára Firefox, nice ò sì ń kọjá agbo tirẹ̀. Láti kernel 2.6.38, ní 2011, ló ti wà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ díẹ̀ ló mọ̀. Ẹ wá sọ fún autogroup náà fúnra rẹ̀:

echo 10 > /proc/4821/autogroup

Ẹ rántí pé ẹ lè fi nọ́ńbà kún nice fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ ò lè dín in kù láìlo sudo (àṣẹ alábòójútó), kódà kó padà sí 0. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú 5. Àwọn tó ní kí ẹ fún Firefox ní -20, ẹ má dá wọn lóhùn.

Nígbà mìíràn, ẹ fi nice -n 10 síwájú àṣẹ ffmpeg yín látìbẹ̀rẹ̀; gbogbo thread á ti bá a jogún rẹ̀.