Bí wáyà iná aládùúgbò bá gba ojú fèrèsé yín

Ẹ̀gbọ́n tó ní aládùúgbò òun ní Adó-Èkìtì fa wáyà iná gba iwájú fèrèsé pálọ̀ òun, tó ń béèrè ohun tí òun lè ṣe sí i: irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ má gbé ẹjọ́ yín ka orí ohun tí ẹ kò rí wò mọ́.

Mo mọ bó ṣe ń dunni tó. Òkè Olósùnta ni fèrèsé mi dojú kọ. Láàárọ̀ ọyẹ́, kò sí ohun tó wù mí wò ju àpáta yẹn lọ. Wáyà wá gba àárín rẹ̀ kọjá, ó rọ̀ débi pé bí mo bá na ọwọ́, ó kù díẹ̀ kí n kàn án. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kan ládùúgbò wa là á yé mi pé nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ sí ìran tó ń wò láti ojú fèrèsé rẹ̀. Láti 1610 ni ilé ẹjọ́ wọn ti sọ ọ́. Ilẹ̀ yín ni òfin mọ̀, àti òfuurufú tó wà lókè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ìwé sọ́fè (ìwé tí wọ́n ya ààlà ilẹ̀ yín sí) jáde, kí ẹ wá àwọn bíkọ̀n, ìyẹn àwọn òpó kékeré tí wọ́n fi sàmì ààlà, kí ẹ sì wò ó bóyá orí ilẹ̀ yín ni wáyà náà gbà. Tèmi gba igun ilẹ̀ mi kọjá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ewu ni kí ẹ sọ. Oòrùn máa ń mú kí wáyà gùn sí i, kó sì rọ̀. Ara rẹ̀ á máa bó bó bá ti pẹ́. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò á wá máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítòsí irin fèrèsé tí ọmọdé ń dì mú. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú àwọn tó ń bójú tó iná dìde, kì í ṣe ti òkè tí mi ò rí wò mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gé e tàbí kí ẹ fi igi gbé e sókè, ẹ má dá a lóhùn. Iná yẹn ń pa èèyàn.

Ẹ lọ bá aládùúgbò yín nírọ̀lẹ́, kí ẹ mú àgbà kan dání. Màmá tó ni wáyà tèmi kò mọ ibi tí wọ́n fà á gbà rárá. Òpó jìnnà sí ilé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì gba ọ̀nà tó yá jù. Ní tèmi, àìsí òpó ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà yìí sílẹ̀, kì í ṣe ìkà àwọn aládùúgbò. Òpó kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ títì ló yanjú tiwa. Níbòmíràn, páìpù gíga tó máa gbé wáyà sókè lórí ilé ẹni tó ni ín á tó.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ fi fọ́tò sí i. Bí wọn kò bá dáhùn, Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso iná fúnra wọn, Èkìtì sì ti gbà á láti 2024. Ekiti State Electricity Regulatory Bureau, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Èkìtì, ni kí ẹ gbé ẹ̀dún ọkàn yín lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà.

Bí àdúgbò bá fẹ́ fowó ara wọn ra òpó, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà kí owó tó jáde, kó hàn níbẹ̀ bóyá wọ́n á dá a padà àti bí wọ́n á ṣe dá a padà. Ẹ má kówó lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì.