Irú àlọ́ wo ni olùkọ́ ní kí ọmọ mi mú wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8, ní kí wọ́n mú àlọ́ wá síléèwé. Mo pa ti Ìjàpá tó jí ẹ̀bẹ gbígbóná sábẹ́ fìlà nílé àna rẹ̀ fún un. Ó padà dé, ó ní olùkọ́ ní ó dáa, àmọ́ àlọ́ àpamọ̀ ni àwọn ń wá. Ṣé oríṣiríṣi ni àlọ́ ni? Lọ́nà kejì, Bálógun ni mo ti ń tajà, ilẹ̀ ti máa ń ṣú pátápátá kí n tó dé Ṣómólú. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń ráyè, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa sì ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ọmọ o. Àlọ́ tí ẹ pa kò lábùkù rárá. Ọ̀nà méjì ni àlọ́ Yorùbá pín sí: àpamọ̀ àti àpagbè. Àpagbè ni tiyín. Àpamọ̀ kò ní ìtàn nínú. Ìbéèrè ni, wọ́n fi nǹkan pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn tú u. Ẹ fún un ní èyí: “Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Kí ni o?” Ọmọ Èkó á kọ́kọ́ dárúkọ apẹja, á dárúkọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má tètè sọ fún un. Nígbà tí omi àmàlà bá ń hó lórí iná, tí ẹ sì ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ á pariwo ìdáhùn.

Òmíràn nìyí: “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Ẹ̀wà ni. Ẹ fi ẹyọ kan lé e lọ́wọ́ kó wo dúdú tó wà lójú rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ àpamọ̀ nìyẹn: ó ń kọ́ ọmọ láti tún ojú fi wo ohun tó ń rí lójoojúmọ́. Òun ni àwọn àgbà fi ń ṣí eré alẹ́, kí ọpọlọ ọmọdé lè jí, kí àpagbè tó tẹ̀ lé e.

Orin tí à ń gbè ni agbára àpagbè. Ẹ rántí àlọ́ Ajá nígbà ìyàn, tí gbogbo ẹranko fohùn ṣọ̀kan láti pa ìyá wọn jẹ, tí Ajá gbé tirẹ̀ pamọ́ sọ́run. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ ta okùn sílẹ̀, orin ni yóò kọ, àwọn ọmọdé á sì máa gbè é pé “àlùjan-jan-kí-jan”. Tí orin náà bá fi máa wáyé lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ tó kéré jù lọ, tí kò tíì mọ ibi tí ìtàn ń lọ, ti ń gbè é. Bẹ́ẹ̀ ni àlọ́ ṣe ń wọnú ọmọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ kí á gbé fídíò àlọ́ síwájú ọmọ ká sì bá tiwa lọ: fídíò kì í dúró gbọ́ ègbè.

Inú àpagbè náà, ti Ìjàpá wà, ti orogún wà, èyí tó ń sọ ìdí abájọ náà sì wà. Tiyín gba méjì pọ̀: ti Ìjàpá ni, ó sì sọ ohun tó pá a lórí. Ẹ tún wo ohun tó ṣe fún ọmọ yín: ó gbọ́ ìbáwí lórí olè àti ọ̀kánjúà láìsí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Àgbàlagbà pàápàá ṣeé bá wí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo, ẹ ò lè pe aládùúgbò yín ní ọlọ́kánjúà, àmọ́ ẹ lè pàlọ́ Ìjàpá létí rẹ̀.

Ẹ má wá da ìtàn pọ̀ mọ́ àlọ́ o. Kò sẹ́ni tó gbà pé Ìjàpá wọ fìlà rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé oko ata Olóyè Àrómirẹ́ ni ibi tí Ìgà Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà lónìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, àwọn ìdílé sì dúró lé irú rẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, gbé dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì jàre lọ́dún 1921, lórí bí àwọn baba wa ṣe ń ni ilẹ̀ ni. Títí dòní, Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé. Nítorí náà, ìtàn ìdílé bàbá ọmọ yín kò gbọdọ̀ ní àbùmọ́. Ti àlọ́, ẹ bù mọ́ ọn bó ṣe wù yín.

Ní ti ọ̀sán, òótọ́ ni ìyá ọkọ yín sọ. Ọ̀sán ni àkókò iṣẹ́ oko, àwọn àgbà kò sì fẹ́ kí àlọ́ dá ẹnikẹ́ni jókòó, ni wọ́n fi kà á léèwọ̀. Mi ò ní ní kẹ́ ẹ bá màmá jiyàn. Àwọn gan-an ló wà nílé nígbà tílẹ̀ ń ṣú. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa pa àpagbè fún ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Tí ẹ bá ti ọjà dé, kí ọmọ tún un pa fún yín, kí ẹ̀yin máa gbè é bí ẹ ṣe ń jẹun. Àpamọ̀ kan péré kí ó tó sùn, iṣẹ́ tiyín nìyẹn. Kò gba àkókò, ọ̀la ló sì máa mú ìdáhùn wá.