Ohun tí mo rí nígbà tí mo mú MX-5 mi sún mọ́lẹ̀

Àbúrò mi, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Mazda MX-5 ọdún 2001, pé o fẹ́ fi sípíríǹgì kúkúrú mú un wálẹ̀ ní mìlímítà 40, pé ṣọ́ọ̀kì tó bá a wá ṣì dára, àti pé ẹni tó fẹ́ ta sípíríǹgì fún ọ ní kò pọn dandan kí o tún ìdúró táyà ṣe (aláímẹ́ǹtì) lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo èyí ni èmi náà ti ṣe rí, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, sí irú mọ́tò kan náà, ti ọdún 1999, mo sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí oṣù mẹ́jọ tó pé. Mi ò ní kí o má ṣe é o. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ojú sí ju gíga mọ́tò lọ ni àyè tí yóò ṣẹ́ kù fún táyà láti gòkè nígbà tó bá kan kòtò tàbí bọ́ǹpù.

Láti iléeṣẹ́ ni MX-5 ti kúrú, àyè tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní láti wọlé kò sì pọ̀ rárá. Rọ́bà kan wà lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bump stop, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìkọlù nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá fẹ́ wọlé tán, kí irin má baà lu irin. Bí o bá mú mọ́tò wálẹ̀ ní mìlímítà 40, inú àyè kékeré yẹn náà ni o ti yọ ọ́. Sípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú tí mo rà kò sì le tó láti dí ohun tí mo yọ, ńṣe ni mọ́tò náà kàn jókòó lé rọ́bà. Bọ́ǹpù pọ̀ ní àdúgbò wa, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà kí wọ́n ga tó mìlímítà 100, bí mo bá ti gun ọ̀kan, "gbì!" ni n óò gbọ́ lábẹ́ ìjókòó, ìyàwó mi a sì di ìlẹ̀kùn mú. Ariwo yẹn kò tilẹ̀ dùn mí tó ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ òjò kan ní ráńdàbáòtù, nígbà tí ẹ̀yìn mọ́tò tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ láàárín kọ́nà, tó le gbagidi lójijì, tí táyà yọ̀, tí ìdí mọ́tò sì fẹ́ gba iwájú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọlọ́run ló ní kí ọkọ̀ mìíràn má sí nítòsí.

Ohun kan wà tí o lè fi mọ̀ láìná owó. Gbé rọ́bà tí ń dènà eruku sókè lára ṣọ́ọ̀kì, kí o so okùn ike pẹ́ńpẹ́ tí àwọn oníná fi ń di wáyà mọ́ ọ̀pá rẹ̀, kí o tì í wálẹ̀ títí yóò fi kan ara ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà kí o wa mọ́tò yíká àdúgbò fún bíi ìṣẹ́jú 20. Ibi tí o bá bá okùn náà nígbà tí o bá padà dé ni ibi tí ṣọ́ọ̀kì wọlé dé. Tèmi ti lọ lẹ̀ mọ́ bump stop pátápátá, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ tí o ní ó dára, ó dá mi lójú pé o kò tíì yọ ọ́ wò. Sípíríǹgì tó kúrú tó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nílò ṣọ́ọ̀kì tó lè dì í mú nígbà tó bá fẹ́ ta padà, ti ogún ọdún kò sì lágbára bẹ́ẹ̀ mọ́.

Búṣìn ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Òun ni rọ́bà inú apá tó gbé táyà dúró, ó máa ń lọ́ bí apá náà ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le nígbà tí mọ́tò wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ sì ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà náà yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró lórí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é, méjì sì ti ya kí oṣù mẹ́ta tó pé. Tú wọn díẹ̀, gbé mọ́tò sílẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí táyà, kí o tó fún wọn.

Ẹni tó ní o kò nílò láti tún ìdúró táyà ṣe kò fẹ́ ire fún ọ. Bí MX-5 bá ti wálẹ̀, orí táyà a tẹ̀ sínú, ibi tí táyà kọjú sí náà a sì yí padà. Bí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi, táyà ẹ̀yìn dà bí tuntun. Ọjọ́ tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí rẹ̀ ti inú ni wáyà inú táyà tó ti jẹ gún mi ní ìka. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe aláímẹ́ǹtì, bóòtù tí wọ́n fi ń tún un ṣe kò yí. Mẹ́jọ ni wọ́n, méjì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní ìgbà òtútù sì ti mú kí mẹ́rin nínú tèmi dípẹtà mọ́ inú búṣìn. Ẹ̀rọ tí ń gé irin ni mo fi gé wọn jáde, mo ra bóòtù àti búṣìn tuntun, òpin ọ̀sẹ̀ méjì sì lọ sí i.

Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ara wọn ló wà lára rẹ̀ báyìí, mìlímítà 20 péré ni mo sì fi mú un wálẹ̀. Mo ti sọ fún iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mi pẹ̀lú. Sọ fún tìrẹ, nítorí wọ́n lè kọ̀ láti sanwó bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Má tíì san owó sípíríǹgì yẹn. Fi epo tí ń tú ìpẹtà sí bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní alẹ́ mẹ́ta léraléra, fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì síbi tí orí wọn wà, kí o sì gbìyànjú láti yí wọn. Lẹ́yìn náà, wọn ìwọ̀n láti àárín táyà dé etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye bóòtù tó kọ̀ láti yí.