Èsì: Ṣé wọ́n lè fi lésà tún ojú ọmọ ọdún 6 ṣe?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ ní ojú kan Táyé ò ríran dáadáa, ẹ wá ń béèrè bóyá wọ́n lè fi lésà tún un ṣe kó lè bọ́ gíláàsì sílẹ̀. Ẹ fi lésà sílẹ̀ ná, jàre. Ńṣe ni lésà yẹn ń gé díẹ̀ lára awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú ọmọdé ṣì ń dàgbà, náńbà gíláàsì ẹ̀ á ṣì máa yí, èyí tí wọ́n bá sì ti gé, kò ṣe é dá padà. Ìdí nìyẹn tí FDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn, ò fi fọwọ́ sí LASIK, ìyẹn iṣẹ́ abẹ lésà yẹn, fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 18.

Òótọ́ ni pé àwọn dókítà kan ń ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ tí ojú kan burú ju èkejì lọ gan-an tí ò sì gbà kí gíláàsì tàbí lẹ́ǹsì dúró lójú òun rárá, wọ́n á kọ́kọ́ fún un lóògùn tó máa gbé e sùn, torí ta ló fẹ́ ní kí ọmọdé tẹjú mọ́ iná láìmira?

Èyí tó ká mi lára ni ojú kan tẹ́ ẹ sọ yẹn. Ọpọlọ lè ti pa ojú yẹn tì, lésà nìkan ò sì lè wo ìyẹn. Gíláàsì ni, ká bo ojú tó dáa fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, tàbí ká kán atropine, oògùn tó ń jẹ́ kí ojú tó dáa yẹn ríran bàìbàì, sí i, bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ló dáa sí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ọmọdé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kàn ń ta gíláàsì o. Tó bá ń yọ gíláàsì ẹ̀ ní sùkúù, ẹ ra èyí tó ní okùn lẹ́yìn orí.