Ta Ló Ṣe Ìbọn Yìí Gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàbá ìyàwó mi, ọmọ Pennsylvania, fi ìbọn ráífù àtijọ́ kan sílẹ̀ fún wa. Wọ́n kọ “Ketland & Co.” sára irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n “J. D.” nìkan ló wà lórí irin gígùn tí ọta ń gbà jáde. Oníṣòwò nǹkan àtijọ́ kan ní ìbọn olókùúta, tó ń fi òkúta ṣáná, ni tẹ́lẹ̀, pé wọ́n yí i padà sí oníkáàpù, tó ń fi ìdérí irin kékeré tó ń bú gbàmù ṣáná, àti pé Jacob Dickert, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní Lancaster ní Pennsylvania, ló ṣe é. Ẹlòmíràn ní Ketland ni. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ká mi lára ni bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ojú yín kúrò lẹ́nu ìbọn, ẹ ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì síbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gígùn náà láti ìta. Bí kò bá dé ẹ̀bá ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ̀tù tó ti wà nínú ìbọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì lè bú gbàmù. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kó yọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Ilé iṣẹ́ Ketland wà ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kó ẹ̀rọ ìyìnbọn, èyí tí irin pẹlẹbẹ yẹn jẹ́ ara rẹ̀, ránṣẹ́ sí Philadelphia lọ́pọ̀ yanturu. (Birmingham yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìbọn ṣakabùlà ti dé etíkun tiwa.) Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Pennsylvania a máa ra ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn a sì kàn án mọ́ igi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn, bí télọ̀ ṣe ń ra síìpù lọ́jà. Kò sẹ́ni tó ń wo síìpù kó tó mọ télọ̀ tó rán aṣọ.

Orúkọ tó wà lókè irin gígùn, láàárín ìdí rẹ̀ àti ibi tí a fi ń wo àfojúsùn, ló sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó to ìbọn pọ̀. Ṣùgbọ́n “J. D.” kò tó láti pe Dickert. Ọkùnrin náà, tó kú ní 1822, lókìkí, “J. Dickert” sì ni a mọ̀ ọ́n mọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń pa owó wọlé, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń yára dárúkọ rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J àti D kò mọ ní ẹyọ kan.

Ẹnìkan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ: ẹni tó yí i padà. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan irin pẹlẹbẹ náà láti ẹ̀gbẹ́. Ìbọn olókùúta ní àwo kékeré tí a ń da ẹ̀tù sí, àti irin tí òkúta ń ṣá kí iná lè ṣẹ́. Bí wọ́n bá yọ ìwọ̀nyí, ojú ihò bóótù wọn a ṣẹ́ kù, tí wọ́n fi irin dí tí wọ́n sì fá dán. Ẹ tún wo ihò iná: irin roboto kúkúrú ni wọ́n sábà máa ń dè sínú rẹ̀, tí káàpù ń jókòó lé lórí. Bí ẹ kò bá rí ihò kankan níbẹ̀, yálà dídí tàbí ṣíṣí, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà má tíì jẹ́ olókùúta rí, ohun yòówù kí oníṣòwò wí. Joshua Shaw gba ìwé àṣẹ lórí káàpù ní Amẹ́ríkà ní 1822, lẹ́yìn náà sì ni alágbẹ̀dẹ àdúgbò káàkiri ń ṣe irú ìyípadà yìí. Wọn kì í sábà kọ orúkọ wọn sí i.

Àmì lè wà lábẹ́ irin gígùn náà tó máa sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, ṣùgbọ́n igi lè sán bí ẹ bá tú u fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹbí ìyàwó yín nípa county, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn bàbá ńlá wọn gbé. Ẹ ó wá yẹ ìwé owó orí ibẹ̀ wò, àti ìkànìyàn 1850, tó kọ iṣẹ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó jẹ́ J. D. níbẹ̀ ṣeé gbà gbọ́ ju Dickert lọ lójú tèmi.

Ẹ má fi nǹkankan nù ún kó lè máa dán, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe di olókùúta. Ìyípadà yẹn jẹ́ ara ìtàn rẹ̀, owó rẹ̀ a sì máa já wálẹ̀ bí wọ́n bá purọ́ mọ́ ọn. Fọ́tò ihò iná náà, ti idẹ tó wà ní ìdí ìbọn, àti ti inú ẹ̀rọ, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.